Bí A Bá Ń Sunkún, À Á Máa Ríran: Ọ̀rọ̀ fún Opó Tí Ọkàn Rẹ̀ Tún Ń Fà sí Ẹlòmíràn

Tí a bá lọ kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, lẹ́yìn "ẹ kú ará fẹ́ra kù" àti "Ọlọ́run á dẹ ilẹ̀ fún olóògbé", àgbàlagbà kan á sún mọ́ opó náà, á ní: "Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran." Ọ̀pọ̀ wa ló rò pé "ó tó, nu ojú rẹ nù" ni ìtumọ̀ rẹ̀. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Òwe náà kò sọ pé kí ẹlẹ́kún dákẹ́, kò sì sọ pé kí omijé gbẹ kí ojú tó là. Ojú kan náà ló ń sunkún tó tún ń ríran, lásìkò kan náà. Èmi ò mọ ìmọ̀ràn mìíràn tó bá ẹni tí ọkọ tàbí ìyàwó rẹ̀ kú mu tó èyí, pàápàá nígbà tí ọkàn ẹni náà bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í fà sí ẹlòmíràn tí ẹ̀rù sì ń bà á.

Mo mọ bàbá kan n'Ìbàdàn, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Ìyàwó rẹ̀ ti kú tipẹ́, síbẹ̀ bí ó bá ń ra ẹ̀kọ láàárọ̀, ti èèyàn méjì ló ń rà. Lọ́jọ́ kan, obìnrin opó kan tí wọ́n jọ ń kọrin ní ìjọ sọ ọ̀rọ̀ kan, bàbá yìí sì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó ti inú wá. Nígbà tó délé, ó dúró níwájú fọ́tò ìyàwó rẹ̀ tó wà lára ògiri pálọ̀, ó ní, "Ìyá Títí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú." Ẹ̀rín lásán ló ń tọrọ àforíjì lé lórí! Nígbà tó sọ ọ́ fún mi, ọkàn mi gbọgbẹ́. Ẹ̀ṣẹ̀ wo ló dá?

Ohun tó ń dà á láàmú ló ń da ọ̀pọ̀ opó láàmú: wọ́n rò pé bí àwọn bá fẹ́ràn ẹlòmíràn, àwọn ti gbàgbé òkú nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan tí àwọn Mùsùlùmí mọ̀ dáadáa. Nígbà tí Abu Salamah kú, ìyàwó rẹ̀, Umm Salamah, bi ara rẹ̀ pé, ta ló tún lè dára ju Abu Salamah lọ? Síbẹ̀ ó ṣe àdúà tí Ànábì kọ́ wọn, pé kí Ọlọ́run fi èyí tó dára ju èyí tó lọ rọ́pò fún òun. Nígbà tí Ànábì fúnra rẹ̀ wá ránṣẹ́ sí i pé òun fẹ́ fẹ́ ẹ, kò sáré gbà. Ó ní òun ní ọmọbìnrin lọ́wọ́, òun sì jẹ́ òjòwú. Ànábì ò bá a wí, ó ní òun á gbàdúrà lórí méjèèjì. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ obìnrin ìgbà yẹn ṣe jọ ti obìnrin Mushin lónìí! Ànábì yìí kan náà, lẹ́yìn ikú Khadijah tó jẹ́ ìyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́, bí ó bá pa àgùntàn, a máa fi ẹran ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ Khadijah, bẹ́ẹ̀ ó ti ní ìyàwó mìíràn nílé. Ìfẹ́ tuntun kò lé ìfẹ́ àtijọ́ jáde.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbà pé kí ìyàwó tuntun wọlé kó ní kí wọ́n sọ gbogbo fọ́tò olóògbé sínú àpótí. Àwọn ọmọ ń gbé ilé yẹn, ìyá wọn ni. Ẹ gbé e kúrò ní yàrá tí ẹ̀yin méjèèjì ń sùn, ẹ fi sí pálọ̀ tàbí yàrá àwọn ọmọ. Aṣọ òkè àti gèlè rẹ̀, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ kọ́kọ́ mú èyí tó wù wọ́n kí alejò kankan tó fọwọ́ kàn án.

Àwọn aráyé ńkọ́? Òwe wa ní òkú ń sunkún òkú, akáṣọlérí ń sunkún ara wọn. Bí ìyàwó bá kú fún ọkùnrin, kò ní pẹ́ tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á máa bi í pé, "Ta ni yóò máa se oúnjẹ fún ẹ? Ta ni yóò máa tọ́jú àwọn ọmọ?" Bí ọkọ bá kú fún obìnrin, ẹnu kan náà ló máa sọ fún un pé, "Jókòó ti àwọn ọmọ rẹ." Ìyàtọ̀ yìí kò dára, ó sì yẹ ká pe orúkọ rẹ̀: ìrẹ́jẹ ni. Kódà kì í ṣe àṣà àwọn baba wa. Láyé àtijọ́, tí opó bá ti bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀, àwọn ọkùnrin ẹbí olóògbé ni wọ́n ń ṣú u lópó, pákò sì ni wọ́n máa fi ń ránṣẹ́ sí i. Ti ẹni tó bá wù ú ni yóò gbà. Mi ò ní ká padà sí opó ṣíṣú. Ohun tí mo ń sọ ni pé àwọn àgbà mọ̀ pé opó ṣì jẹ́ obìnrin, wọ́n sì retí pé kó tún lọ́kọ. Nínú Bíbélì pàápàá, Náómì, ìyá ọkọ tó kú, ni ó kọ́ Rúùtù bó ṣe máa lọ bá Bóásì. Ìyá olóògbé fúnra rẹ̀! Ẹ̀yin ìyá ọkọ tó ń ka èyí, ẹ rántí Náómì.

Kò pọn dandan kí gbogbo opó tún ṣègbéyàwó. Ìyá wa H.I.D. Awólọ́wọ̀, ọkọ wọn kú ní oṣù karùn-ún ọdún 1987, wọ́n sì wà bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi kú ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2015, nígbà tó ku díẹ̀ kí wọ́n pé 100 ọdún. Pásítọ̀ W. F. Kumuyi ti ìjọ Deeper Life pàdánù ìyàwó rẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2009, ó sì fẹ́ òmíràn ní oṣù kẹwàá ọdún 2010. Àwọn méjèèjì gbé ìgbé ayé wọn pẹ̀lú ọlá. Ẹni tó bá fẹ́ dá wà, kí wọ́n má yọ ọ́ lẹ́nu. Ẹni tó bá fẹ́ ẹnì kejì, kí wọ́n má bú u.

Ní ti àkókò, Kùránì dá oṣù 4 àti ọjọ́ 10 fún opó, aboyún sì di ìgbà tó bá bímọ. Ní ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá, oṣù 3 ni wọ́n fi ń wọ aṣọ ọ̀fọ̀. Aṣọ nìyẹn, ọkàn lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé gbogbo ìgbà tí ẹ bá wà pẹ̀lú ẹni tuntun yìí, ti olóògbé nìkan lẹ ń sọ, ẹ tún ní sùúrù díẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ ti ìríran, torí ẹkún máa ń fọ́ ojú ẹlòmíràn. Àwọn oníjìbìtì mọ ibi tí opó wà. Wọ́n á wá bá a lórí Facebook, wọ́n á ní sójà Amẹ́ríkà làwọn, tàbí ẹnjiníà tó ń ṣiṣẹ́ lórí òkun, ìyàwó tàwọn náà ti kú. Láàárọ̀, "ṣé o jí're, olólùfẹ́ mi", lálẹ́, "ṣé o ti jẹun?" Kò ní pẹ́, ẹrù á há sí kọ́sítọ́ọ̀mù, wọ́n á ní kí ó fi owó ránṣẹ́. Ẹni tí ẹ kò tíì rí lójúkojú, ẹ má fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sí i. Àwọn tó wà nítòsí náà ńkọ́? Wọ́n lè máa fojú sí owó ìfẹ̀yìntì tàbí ilé tí olóògbé fi sílẹ̀. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ: ẹ béèrè ẹni náà lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò rẹ̀ àti lọ́wọ́ àwọn àna rẹ̀ àtijọ́. Ẹ jọ lọ ṣe àyẹ̀wò HIV, bí ẹ bá sì ṣì fẹ́ bímọ, ẹ wo genotype yín.

Ibi tí ìjà pọ̀ sí jù ni ọ̀rọ̀ ilé. Lábẹ́ àṣà Yorùbá, ìyàwó kì í jogún ọkọ, àwọn ọmọ ló ń jogún. Ilé ẹjọ́ fọwọ́ sí i lọ́dún 1957 nínú ẹjọ́ Suberu àti Sunmonu. (Ẹni tó ṣègbéyàwó ní kóòtù, òfin mìíràn ló bá a lọ.) Nítorí náà, ìyá mi, ẹ má mú ọkọ tuntun wọ inú ilé tí bàbá àwọn ọmọ kọ́. Ẹ gba ilé síbòmíràn, kódà kó jẹ́ yàrá kan àti pálọ̀. Ẹ̀yin bàbá, ẹ mọ̀ pé bí ẹ bá ṣègbéyàwó tuntun ní kóòtù, ìwé ìhágún tí ẹ ti kọ tẹ́lẹ̀ di òfo. Ẹ lọ bá lọ́yà, ẹ kọ òmíràn, kí ìyàwó tuntun má baà jìyà, kí àwọn ọmọ ìyá àkọ́kọ́ má sì baà jìyà.

Àwọn ọmọ, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu aládùúgbò. Ọmọbìnrin kan bi ìyá rẹ̀ pé, "Màmi, ta lẹ máa ń bá sọ̀rọ̀ lóru?" Ìyá ní ọ̀rẹ́ òun ni. Ọmọ ní, "Ọ̀rẹ́ wo ló ń mú yín rẹ́rìn-ín báyìí? Ṣé ẹ ti gbàgbé Dádì ni?" Ìyá náà ju fóònù sílẹ̀, kò sì gbé e mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ì bá ti sọ fún ọmọ náà tẹ́lẹ̀ pé, "Mi ò lè gbàgbé bàbá rẹ. Ẹnì kan wà tí mo fẹ́ kí o mọ̀," kí ó sì jẹ́ kí ọmọ náà bínú, kí ó sunkún, kí ó tún padà wá béèrè ọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin ọmọ tó ti dàgbà, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston, owó tí ẹ ń fi ránṣẹ́ ń ra oúnjẹ, kò lè bá àwọn òbí yín jókòó jẹ ẹ́. Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Bí ìyá tàbí bàbá yín bá sọ fún yín pé ẹnì kan ti wà, ẹ má kọ́kọ́ béèrè pé, "Ní ọjọ́ orí yín yìí?" Ẹ béèrè orúkọ ẹni náà, ìlú rẹ̀, iṣẹ́ tó ń ṣe, bóyá ó ní ọmọ, kí ẹ sì bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù fúnra yín.