Búrọ́ọ̀ṣì tó ń fi iná wá ìdọ̀tí eyín
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin oníròyìn. Búrọ́ọ̀ṣì oníná tí ẹ ròyìn rẹ̀, tó ń fi ìmọ́lẹ̀ búlúù wá ìdọ̀tí lára eyín, èmi ò kẹ́gàn rẹ̀. Ìdọ̀tí tó ti pẹ́ lára eyín máa ń tàn pupa yòò lábẹ́ irú iná bẹ́ẹ̀, ohun tí kòkòrò inú rẹ̀ ń pèsè ló ń fà á. Ṣùgbọ́n ìdọ̀tí àárọ̀ yìí kì í sábà tàn, kí ẹnikẹ́ni má wá rò pé eyín òun ti mọ́ tán.

Ní Òṣogbo níbí, ìdì orin ata ṣì wà lórí àtẹ ní Ọjà Ọba, kò sì béèrè ṣájì. Pẹ̀lú iná ọba tó ń ṣe ségesège yìí, ta ló máa ṣájì búrọ́ọ̀ṣì ṣáájú fóònù? Ẹ̀yin oníròyìn, èló ni wọ́n ń ta búrọ́ọ̀ṣì náà gan-an?