Ẹja kún ọjà, ṣé odò náà wá kún fún ẹja ni?

"Ẹja wo ló ń tán? Ṣé ẹ ò rí ọpọ́n àrọ̀ tó kún ọjà ni?" Ohun tí wọ́n máa ń sọ fún mi nìyẹn nígbàkúùgbà tí mo bá ní ó yẹ ká máa ka irú ẹja tó wà nínú odò àti adágún wa. Ohun tójú wọn rí ni wọ́n ń sọ lóòótọ́. Àmọ́ ọjà kọ́ ni odò.

Ọ̀pọ̀ àrọ̀ tó ń jà nínú ọpọ́n yẹn, inú pọ́ǹdì oníkọ́ńkéré tàbí èyí tí wọ́n fi tàpólì ṣe ni wọ́n ti sìn ín. Ẹja yìnyín ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kọ́tẹ̀ àti ṣáwá, ẹja òkun ni, òkèèrè ni wọ́n sì ti kó púpọ̀ nínú rẹ̀ wá. Bí Odò Ògùn bá ṣófo lónìí, ọpọ́n méjèèjì á ṣì kún lọ́la.

Ọ̀rọ̀ adágún Victoria ló dùn mí jù, èyí tí Uganda, Kẹ́ńyà àti Tàǹsáníà jọ ni. Láàárín àwọn ọdún 1950 àti 1960, wọ́n da ẹja ńlá kan tí kì í ṣe ti ibẹ̀ sínú rẹ̀, èyí tí àwọn Hausa ń pè ní giwan ruwa, erin inú omi. Nínú Odò Ọya tiwa, ilé rẹ̀ ló wà. Ní Victoria, àlejò apanijẹ ni. Nǹkan bí 500 irú ẹja kéékèèké, ìbátan epìyà, ló wà níbẹ̀ tí kò sí níbòmíì láyé. Nígbà tó fi di àwọn ọdún 1980, giwan ruwa ti gbòde. Ẹja tó ń dé èbúté pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, wọ́n ń dì í ránṣẹ́ sí Yúróòpù. Lásìkò kan náà, omi ń dọ̀tí, àwọn onímọ̀ sì fojú bù ú pé bí 200 nínú àwọn irú ẹja kéékèèké yẹn ti di àwátì.

Báwo la ṣe mọ̀? Láti ọdún 1977 ni àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Leiden, ní Netherlands, ti ń wọ́ àwọ̀n lẹ́bàá Mwanza, ní Tàǹsáníà, tí wọ́n ń to ẹja ní irú-irú, tí wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀, kí jàǹbá náà tó débẹ̀. Ká ní agbọ̀n ẹja nìkan ni wọ́n kà, ìròyìn ayọ̀ ni wọn ì bá kọ.

Ní Kainji náà, kí wọ́n tó sé Odò Ọya lọ́dún 1968, àwọn ẹja kan tí ẹnu wọn gùn bí ọwọ́jà erin, tí wọ́n ń fi iná mànàmáná inú ara wọn wá ọ̀nà lóru, pọ̀ níbẹ̀. Adágún dé, wọ́n dín kù gan-an, àwọn ẹja wẹ́wẹ́ tó ń rìn lágbo-lágbo sì gbilẹ̀.

Kíka ẹja kọjá ká ju àwọ̀n kan ká fà á sókè. Ojú àwọ̀n ló ń yan ẹja: olójú ńlá á jẹ́ kí wẹ́wẹ́ kọjá, olójú kékeré kì í sáábà há àgbà ẹja. Nítorí náà, olójú oríṣiríṣi ni wọ́n ń so pọ̀, wọ́n á dẹ ẹ́ nírọ̀lẹ́, wọ́n á fà á nídàájí, torí ọ̀pọ̀ ẹja ló jẹ́ pé òru ni wọ́n ń jẹ̀. Wọ́n á ri ìgèrè sínú koríko etí omi. Iṣẹ́ tó le jù ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: kí wọ́n jókòó ti ẹja kan, kí wọ́n ka ìpẹ́ rẹ̀ láti ẹ̀yìn orí dé ìrù, kí wọ́n ka egungun lẹbẹ rẹ̀, torí pé ẹja méjì tó jọra bí ìbejì lè má jẹ́ irú kan náà. Wọ́n á tún padà wá lẹ́ẹ̀rùn àti nígbà òjò.

Àwọn nǹkan kan wà tó jẹ́ pé inú àgbà apẹja nìkan ló wà. Bí bàbá tàbí ìyá yín bá ti da àwọ̀n sí Ògùn, Ọ̀ṣun tàbí Ọya rí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bi wọ́n léèrè ẹja tí wọ́n ń pa nígbà èwe wọn tí wọn ò rí mọ́. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, àti ibi tí wọ́n ti pa á kẹ́yìn.