Ẹ gòkè díẹ̀ kí ẹ tó sọ pé ayé tẹ́ pẹrẹsẹ

Fídíò kan tún ti ń lọ káàkiri lórí WhatsApp pé irọ́ ni wọ́n ń pa fún wa, pé ayé tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní. Ẹ̀rí wọn? Ojú wọn ò rí ibi tó ti tẹ̀. Mi ò bá wọn jà pé wọ́n gba ojú wọn gbọ́. Ojú náà lèmi fẹ́ ká lò, ṣùgbọ́n ká wò ó pẹ́.

Ẹni tó bá ti jókòó sí etí òkun l'Ékòó, lápá Ẹlẹ́gúṣì tàbí Tarkwa Bay, á ti rí àwọn ọkọ̀ ojú omi ràgàjì. Èyí tó wà nítòsí, ẹ óò rí i látòkè délẹ̀, títí kan ibi tí omi ti ń gbá a lára. Ẹ wá wo èyí tó ń lọ sójú agbami. Kì í kàn ṣe pé ó ń kéré sí i. Ìdí rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń wọlẹ̀, kọ̀ǹtẹ́nà á tẹ̀ lé e, òpó orí rẹ̀ ló ń kẹ́yìn. Wọ́n ní kámẹ́rà tó bá lágbára á fà á padà. Ó dáa, ẹ fà á: òpó á tóbi sí i lóòótọ́, àmọ́ ìdí ọkọ̀ ò ní yọjú, torí omi ló dí i.

Ohun tó lè mú un yọjú ni kéèyàn gòkè. Ẹni tó dúró sí etí omi, tí ojú rẹ̀ ga tó mítà 1.7, nǹkan bíi kìlómítà 5 péré ni ìpẹ̀kun ìríran rẹ̀ lójú òkun. Kó gun ilé tó ga tó mítà 50, ó di kìlómítà 25. Ká ní òkun tẹ́ pẹrẹsẹ ni, kí ni gígòkè fẹ́ fi kún un? Kò ṣáà sí igi tàbí ilé tó dínà níbẹ̀. Àwọn atukọ̀ ayé ijọ́un mọ̀ ọ́n, ìyẹn ni wọ́n fi ń rán ẹnìkan gun orí òpó láti máa ṣọ́ ilẹ̀.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ti Dubai. Lọ́dún 2011, àgbà àlùfáà Mùsùlùmí kan níbẹ̀ sọ pé nígbà ààwẹ̀, kí àwọn tó ń gbé lókè àjà 80 nínú ilé gogoro Burj Khalifa fi ìṣẹ́jú 2 kún un kí wọ́n tó ṣínu. Kí àwọn tó wà lókè àjà 150 fi ìṣẹ́jú 3 kún un. Oòrùn tó ti wọ̀ lójú ará ìsàlẹ̀ ṣì ń ran lójú tiwọn. Ilẹ̀ tún ń tètè mọ́ bá wọn, wọ́n ní láti yára jẹ sààrì. Ẹ wo ìyẹn: ará ìsàlẹ̀ ti ń jẹ dàbínù, ará òkè ṣì ń wo aago!

Kí n má parọ́, afẹ́fẹ́ máa ń tan ojú jẹ. Ìmọ́lẹ̀ tó ń gba ìtòsí omi máa ń tẹ̀, ohun tó yẹ kó fara pa mọ́ á wá hàn. Bó ṣe rí fún Samuel Rowbotham, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó ń jà pé ayé tẹ́ pẹrẹsẹ, nìyẹn lọ́dún 1838, nígbà tó wọnú odò Bedford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ojú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan omi, tó ní òun rí ọkọ̀ kan títí dé máìlì 6. Lọ́dún 1870, John Hampden, tóun náà gbà pé ayé tẹ́ pẹrẹsẹ, fi £500 ta tẹ́tẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí kan náà, Alfred Russel Wallace, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, sì gbà á. Wallace ti ṣe iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀ rí. Ó lọ sí odò Bedford yẹn kan náà, ó gbé ìwòye rẹ̀ ga kúrò lójú omi, ó rí i dájú pé gíga àwọn àmì tó tò sójú ọ̀nà odò náà dọ́gba, ó sì fi awò wò wọ́n. Àmì àárín yọ sókè ju ti ìpẹ̀kun lọ, bẹ́ẹ̀ ká ní omi tẹ́ pẹrẹsẹ ni, ọ̀kan ò ní yọ ju èkejì lọ. Adájọ́ tẹ́tẹ́ ní Wallace ló jẹ. Hampden kọ̀ jálẹ̀, ó ń kọ lẹ́tà èébú kiri fún ọ̀pọ̀ ọdún, kódà ó kọ sí ìyàwó Wallace, títí tó fi dèrò ẹ̀wọ̀n. Wallace náà kábàámọ̀ pé òun bá a ta á. Ìdí rèé tí mi ò fi ní bá ẹnikẹ́ni ta tẹ́tẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí.