Ankara kọ́ laṣọ àwọn baba ńlá wa o

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé fọ́wọ́ọ̀dù mẹ́sèèjì tó ní ankara làwọn baba ńlá wa ń wọ̀ kí òyìnbó tó dé, irọ́ gbuu ni. Àwọn ará Java ní Indonéṣíà ló ń fi ìda gbígbóná ya àwòrán sára aṣọ tí wọ́n ń pè ní bátíìkì lọ́wọ́, òyìnbó Netherlands wá fi ẹ̀rọ ṣe àfarawé ẹ̀, irú bí ilé-iṣẹ́ aṣọ Vlisco ní ìlú Helmond níbẹ̀, 1846 ni wọ́n dá a sílẹ̀, àmọ́ àwọn ará Java ò fẹ́ràn àwọn ìlà wẹ́wẹ́ tó ń sán lára ẹ̀, àwa níbí la gba tiẹ̀, òun la wá ń pè ní ankara. Tiwa lẹ ń wá? Aṣọ òfì Ìṣẹ́yìn ńkọ́? Èmi náà ń wọ ankara o, mo ní márùn-ún.