Ẹ Fi Ojú Ọ̀nà Yẹn Hàn Wá Ká Yé Bá Ara Wa Jà

Ta ló ti rí màápù Coastal Road yìí, ọ̀nà etí òkun tí ìjọba àpapọ̀ ń ṣe láti Èkó lọ sí Calabar, lójú nínú gbogbo wa? Màápù gidi ni mò ń bèèrè o, èyí tí sọ̀fíyọ̀ fọwọ́ sí, tí wọ́n kọ nọ́ńbà bíkọ́nì, òpó ààlà ilẹ̀, sí lọ́kọ̀ọ̀kan, tí èèyàn lè gbé dání kó fi rìn láti ojúlé dé ojúlé, kì í ṣe fọ́tò aláwọ̀ mèremère tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ kiri lórí WhatsApp. Torí ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Láti Jakande dé Ajah dé Sangotedo, ibi yòówù kí n yà sí, àríyànjiyàn ibi tó yẹ kí ọ̀nà gbà ni wọ́n ń ṣe, wọ́n á fẹ́rẹ̀ẹ́ na ara wọn, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹnì kan nínú wọn tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé ibi báyìí ló ń gbà.

Ẹni tí ilé ẹ̀ wà lẹ́bàá òkun á ní kí wọ́n gbé e wọnú díẹ̀, ẹni tó wà nínú á ní ṣebí ọ̀nà etí òkun ni wọ́n pè é, kó yáa máa lọ sétí òkun. Onídanfo á ní kí wọ́n fi gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ jàre, kí wọ́n fẹ ojú Lekki-Epe tó ti wà nílẹ̀ sí i. Ẹni tó ń wá láti Ìkòròdú á ní kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe Fourth Mainland Bridge tí wọ́n ti ń sọ láti ìjọba gómìnà kan bọ́ sí òmíràn, ará Badagry á sì bèèrè pé ọ̀nà tàwọn ńkọ́, ṣé wọ́n ti gbàgbé ẹ̀ ni. Gbogbo wọn ló ní ẹjọ́ rò, mi ò bínú sí wọn rárá, ẹni ọ̀rọ̀ kàn ló mọ bó ṣe ń dun òun. Àwọn tí mò ń bínú sí ni àwọn tó jókòó sínú ọ́fíìsì, tí wọ́n ti mọ ibi tí wọ́n fa ìlà yẹn gbà, tàbí kó jẹ́ pé àwọn gan-an ò tíì mọ̀, tí wọ́n wá fi wá sílẹ̀ ká máa bára wa ṣọ̀tá lórí ohun tí ò sẹ́ni tó rí.

Ọ̀nà tí wọ́n ní á gùn tó kìlómítà 700, láti Èkó dé Calabar, tí wọ́n ní á jẹ tó tírílíọ̀nù 15 náírà, kì í ṣe ọ̀nà oko. Apá kìíní ẹ̀, láti Ahmadu Bello Way ní Victoria Island dé Eleko, kìlómítà 47 àti díẹ̀ ni. Ọjọ́ 26 oṣù Karùn-ún 2024 ni Ààrẹ Tinubu wá fi ayẹyẹ ṣí iṣẹ́ náà. Àmọ́ nínú oṣù Kẹrin, kí ọjọ́ ayẹyẹ yẹn tó pé, katapílà ti wọ Landmark, ibi ìgbafẹ́ etí òkun ní Victoria Island, wọ́n ti ń wó ibi táwọn èèyàn ti ń ṣòwò létí òkun. Òfin EIA wà nílẹ̀ láti 1992, òfin yẹn ní kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ ohun tí irú iṣẹ́ ńlá báyìí máa ṣe sí àyíká wò, ohun tó máa ṣe sáwọn tó ń gbé ibẹ̀, kí wọ́n sì gbọ́ tẹnu ará ìlú kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Kó TÓ bẹ̀rẹ̀ o! A kì í fá orí lẹ́yìn olórí, àwọn wọ̀nyí fá a tán kí wọ́n tó wá bèèrè irú gígẹ̀ tá a fẹ́.

Ọ̀rọ̀ àwọn ará Okun-Ajah ló tún dá kún ìbínú mi. Àwọn èèyàn yẹn jáde, wọ́n fẹ̀hónú hàn, wọ́n ní ojú ọ̀nà tó wà nínú gásẹ́ẹ̀tì, ìwé ìkéde ìjọba, láti 2006 làwọn mọ̀, òun làwọn fi ààyè sílẹ̀ fún nígbà táwọn ń kọ́lé, àfi báwọn ṣe rí i tí ọ̀nà yà kúrò níbẹ̀ tó kọrí sínú àdúgbò àwọn. Umahi, mínísítà iṣẹ́ òde, ní wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì tó gba abẹ́ òkun wọlé ló fà á tí wọ́n fi sún un. Ó dáa, a gbọ́. Mi ò ní kí wọ́n gé wáyà, gbogbo báńkì, gbogbo ọsibítù, gbogbo ọmọ tó ń kàwé lórí fóònù, wáyà yẹn ni wọ́n ń lò. Ṣùgbọ́n wáyà ò ṣàdédé hù nínú yanrìn. Ti ilé iṣẹ́ MainOne nìkan, láti 2010 ló ti gúnlẹ̀ sí Èkó, wọn ò sì lè gbé irú ẹ̀ wọlé láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba. Kí ló dé tí ò sẹ́ni tó ṣí ìwé yẹn wò kí wọ́n tó sọ fún ará ìlú pé ibi báyìí ni ọ̀nà ń gbà? Wáyà ní ìwé, ọ̀pọ̀ ilé náà ní ìwé, kí ló wá dé tó jẹ́ wáyà ni wọ́n ń ro tiẹ̀, tó jẹ́ pé ilé ló gbọ́dọ̀ yẹ̀?

Mo mọ ìyá kan lápá ọ̀hún, ẹja ló ń yan tà. Bọ́ńgálò ni ilé ẹ̀, òun àti ọkọ ẹ̀ tó ti di olóògbé ló kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀, wọ́n á ra búlọ́ọ̀kù lọ́dún yìí, wọ́n á ra páànù lọ́dún tó ń bọ̀. Àwọn kan wá lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n wọ jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ọsàn, wọn ò kí i, wọn ò bèèrè ẹni tó nilé, wọ́n kàn fi ọ̀dà pupa kọ X gàdàgbà sára ògiri kíṣìnnì, wọ́n kọ nọ́ńbà àti déètì sábẹ́ ẹ̀, ọ̀dà ò tíì gbẹ tí wọ́n fi bá tiwọn lọ, ó ń ṣàn bọ̀ nílẹ̀ títí dórí ààrò tó ń yan ẹja sí. Nígbà tó yá àwọn mìíràn tún dé, wọ́n ní àṣìṣe ni, wọ́n fi ọ̀dà dúdú pa á rẹ́, wọ́n lọ kọ òmíràn sára fẹ́ǹsì aládùúgbò ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n tún padà wá ri èèkàn mọ́ àárín àgbàlá ìyá yìí kan náà. Bóyá ti Coastal Road ni o, bóyá ti títì mìíràn tó fẹ́ já sí i ni, bóyá ti gọ́tà ni, kò sẹ́ni tó sọ fún un, wọn ò fi ìwé kankan sílẹ̀, wọn ò sọ ọ́fíìsì táwọn ti wá.

Láti ìgbà náà ni ìyá yìí ò ti lè ṣe nǹkan kan. Òrùlé ń jò, kò lè pààrọ̀ páànù, torí kí ló fẹ́ máa náwó lé lórí? Àwọn tẹ́náǹtì ẹ̀ ti kó lọ. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó fẹ́ yáwó lọ́wọ́ wọn ní àwọn ò lè gba ilé tó ní X lára gẹ́gẹ́ bí ohun ìdúró. Èyí tó wá dùn mí jù ni ti òun àti aládùúgbò ẹ̀ yẹn. Wọ́n jọ débẹ̀ nígbà tí ibẹ̀ ṣì jẹ́ igbó ni, kànga kan náà ni wọ́n jọ ń fa, ọmọ wọn jọ lọ sílé ìwé, wọn ò kí ara wọn mọ́ báyìí, nítorí oníkálukú gbà pé ẹnì kejì ló lọ rí àwọn sọ̀fíyọ̀ ní kọ̀rọ̀, tó fún wọn ní nǹkan kí wọ́n lè sún un sí ọ̀dọ̀ òun. Ó sì lè máà rí bẹ́ẹ̀ rárá o. Katapílà kankan ò tíì débẹ̀, àárín wọn ti dàrú pátápátá, ẹni tó sì dá a sílẹ̀ wà níbì kan tó ń mu tíì ẹ̀, kò tiẹ̀ mọ̀ pé wọ́n wà láyé.

Ẹ má wá sọ fún mi pé wọ́n ń pe mítìn. Mo ti jókòó sírú mítìn bẹ́ẹ̀ rí. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ ni wọ́n á pè é sí, nígbà tí gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ti jáde. Lánlọ́ọ̀dù ni wọ́n á pè, tẹ́náǹtì ò sí níbẹ̀, ìyá aláta tó pàtẹ síwájú ilé ò sí níbẹ̀, fúkánáísà tó há ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ títì ò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn yẹn ni ọ̀nà máa kọ́kọ́ gbá kúrò. Wọ́n á tan pírójẹ́ítọ̀, àwòrán ẹ̀ á kéré débi pé ẹni tó jókòó sẹ́yìn ò ní rí nǹkan kan, tẹ́ ẹ bá ní ẹ jọ̀ọ́ ẹ fẹ̀ ẹ́ lójú ká rí ibi tí àdúgbò wa wà, wọ́n á ní ẹ má ṣèyọnu, ìyẹn ṣì lè yí padà. Bàbá àgbàlagbà kan dìde lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ mọ̀, tó bá dé àdúgbò wa, ṣé ọwọ́ ọ̀tún ṣọ́ọ̀ṣì ló ń gbà ni àbí ọwọ́ òsì?" Wọn ò rí i dáhùn. Wọ́n ní bàbá, ẹ ṣeun, a máa padà sórí ìyẹn. Wọn ò padà sórí ẹ̀. Omi àti gálà ni wọ́n pín, wọ́n wá gbé ìwé kiri pé kí kálukú kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù ẹ̀ kó sì fọwọ́ sí i, nígbà tí àwọn èèyàn sì wá bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo lẹ́yìn náà, ìwé yẹn ni wọ́n gbé jáde pé ẹ̀yin náà mọ̀ sí i, ẹ fọwọ́ sí i. Pé mo wá síbẹ̀ kò túmọ̀ sí pé mo gbà o!

Owó gbà-má-bínú tí wọ́n fi ń dáhùn gbogbo ọ̀rọ̀ náà, ẹ jẹ́ ká sọ bó ṣe rí. Òfin ilẹ̀ ti 1978 ti gbé ilẹ̀ lé gómìnà lọ́wọ́, tí wọ́n bá gba ilẹ̀ lọ́wọ́ èèyàn fún iṣẹ́ ìlú, ohun tó wà lórí ilẹ̀ ni wọ́n ń sanwó ẹ̀, ilé, igi, irè oko, wọn kì í san iye tí ilẹ̀ gan-an ń tà lọ́jà. Ilé náà, wọ́n á tún yọ owó ogbó kúrò nínú ẹ̀, pé ó ti pẹ́. Bó bá jẹ́ rìsíìtì ọmọ onílẹ̀ lo ní, tí o ò ní C of O, ìwé àṣẹ ilẹ̀ tí gómìnà ń fọwọ́ sí, o tún fẹ́ máa ṣàlàyé ara ẹ kiri. Owó tó bá wá jáde lẹ́yìn gbogbo ẹ̀, ibo ló fẹ́ fi rà lẹ́bàá ibẹ̀? Èèyàn á wá kó lọ síbi tí ọ̀nà iṣẹ́ ẹ̀ á fi jìn sí i, ká lè ní ọ̀nà tó máa jẹ́ káwọn ẹlòmíràn tètè dé iṣẹ́.

Àwọn ọmọ ìsinsìnyí máa ń ní kí là ń bẹ̀rù gan-an. Maroko là ń bẹ̀rù, àdúgbò tí wọ́n wó lẹ́bàá Victoria Island! Oṣù Keje 1990, nígbà ìjọba ológun Raji Rasaki, ìkìlọ̀ ọjọ́ méje ni wọ́n fún wọn, wọ́n wá kó katapílà àtàwọn ológun wọbẹ̀, èèyàn bí 300,000 ló di aláìnílé, ìwọ̀nba díẹ̀ ló rí ibi tí wọ́n kó wọn lọ ní Ilasan àti Ikota, ilé àwọn olówó ló sì wà lórí ilẹ̀ yẹn lónìí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó sá kúrò ní Maroko, ọ̀nà Ajah níbí ni wọ́n sá wá. Ẹ wá fẹ́ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ rí X lára ògiri ẹ̀ kó fọkàn balẹ̀, torí pé ẹnì kan sọ fún un lẹ́nu lásán pé ó ṣì lè yí padà? Kì í sì í ṣe Èkó nìkan, ariwo táwọn tó nílẹ̀ lójú Circular Road Ìbàdàn, ọ̀nà kìlómítà 110 yẹn, ń pa náà nìyẹn, ọ̀nà ni wọ́n mọ̀ sí i, wọ́n tún wá gbọ́ pé ìjọba fẹ́ gba mítà 500 lápá ọ̀tún àti 500 lápá òsì.

Mo fẹ́ ọ̀nà o, kí ẹnikẹ́ni má wá kọ ọ́ síbí pé mi ò fẹ́ ìlọsíwájú. Ẹni tó bá ń gba Lekki-Epe lọ bọ̀, tó mọ sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ tó wà níbẹ̀ nírọ̀lẹ́, kò ní sọ pé a ò nílò ọ̀nà mìíràn. Èrò tèmi ni pé ìlà tí wọ́n kọ́kọ́ kéde, táwọn èèyàn ti kọ́lé tẹ̀ lé, òun ni kí wọ́n dúró lé, àyàfi tí ohun tí ò ṣeé yẹ̀ bá wà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń sọ pé kí wọ́n tì í lọ sẹ́nu omi pátápátá kó má bàa kan ilé ẹnikẹ́ni, ẹ lọ wo Okun Alfa, ẹ lọ wo bí òkun ṣe ń jẹ ilẹ̀ wọlé níbẹ̀, tó ti gbé ilé àti títì lọ. Ọ̀nà tí wọ́n bá tẹ́ síbi tí kò yẹ, omi máa gbà á, wọ́n á sì tún wá sún un wọnú ilé wa lẹ́ẹ̀kejì. Ibi tó yẹ kó gbà wà, àwọn ẹnjiníà ló mọ̀ ọ́n, mi ò bá wọn du ìyẹn. Àmọ́ kí wọ́n sọ ọ́ jáde, kí wọ́n sọ ìdí ẹ̀ ní èdè tí ìyá ẹlẹ́ja máa gbọ́, kí wọ́n má sì lọ yí i padà lẹ́yìn wa.

Ohun tá a ń bèèrè ò le rárá. Kí wọ́n tẹ ìwé sọ́fè yẹn, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ sáàfin, sí káńsù, sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, kí nọ́ńbà bíkọ́nì kọ̀ọ̀kan wà lórí ẹ̀ gbangba, kí wọ́n fún wa láyè tó tó ká fi wò ó ká sọ tẹnu wa, lọ́jọ́ Sátidé tí gbogbo èèyàn wà nílé, àti tẹ́náǹtì àti ìyá aláta. X yòówù tí ò bá sí lórí ìwé yẹn, kí wọ́n wá pa á rẹ́ fúnra wọn. Tó bá sì wá di dandan kí wọ́n sún ìlà náà lẹ́yìn ìyẹn, kí ẹni tó sún un kọ orúkọ ẹ̀ àti ìdí tó fi sún un sábẹ́ ìwé ọ̀hún, kí wọ́n tún un lẹ̀ síbi tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ sí tẹ́lẹ̀, kí katapílà kankan tó tan iná.