Ilé La Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde

Nígbà tí àwọn àgbà bá sọ pé "ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde", ìwà ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fi òwe náà bá wí: ẹ̀kọ́ tí ọmọ kò bá gbà nílé, òde kò ní fún un. Ìtumọ̀ yẹn tọ́, n kò sì bá ẹnikẹ́ni jiyàn lé e lórí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wo ẹ̀ṣọ́ fúnra rẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ ìyá àgbà ni, aṣọ òfì tí wọ́n ká sínú àpótí ni. Ẹni tí ó ń lọ sí òde ìyàwó kì í bẹ̀rẹ̀ sí í wá wọn lójú ọ̀nà. Inú yàrá ni yóò ti kó wọn wọ̀ kí ó tó tẹ ẹsẹ̀ sí ìta. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mo ṣe rí èdè. Ẹni tí ó fẹ́ kọ lẹ́tà, tàbí ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ lẹ́yìn òkú àgbà, tàbí àtẹ̀jíṣẹ́ lásán lórí fóònù, ẹ̀ṣọ́ tí yóò kó ròde wà nínú ilé tí wọ́n bí i sí, nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí bàbá àti ìyá rẹ̀ máa ń sọ, tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ sínú ìwé.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo dàgbà sí, Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété, níbi tí wọ́n gbé ń jẹ ọ̀kà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ. Ìyá bàbá mi ṣe láfún tà títí di ọjọ́ alẹ́ rẹ̀. Yóò bó ẹ̀gẹ́, yóò rẹ ẹ́ sínú omi fún ọjọ́ mélòó kan títí yóò fi rọ̀, yóò yọ okùn inú rẹ̀, yóò fún omi rẹ̀ dànù, yóò sì sá a sórí àpáta. Oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn a máa tan èèyàn jẹ. Kò ní pẹ́ tí ara ẹ̀gẹ́ náà yóò fi funfun bí ẹfun, àwa ọmọdé yóò sì ti gbé apẹ̀rẹ̀ jáde láti lọ kó o. Ìyá àgbà yóò mú ègé kan, yóò fi àtàǹpàkò méjèèjì dá a sí méjì, yóò sì na ojú ibi tí ó dá sí wa. Àárín rẹ̀ yóò ṣì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, yóò sì tutù. "Kò tíì gbẹ dénú," ni yóò wí, a ó sì tún tẹ́ gbogbo rẹ̀ padà, nítorí láfún tí wọ́n bá lọ̀ láìjẹ́ pé ó gbẹ dénú kì í pẹ́ bu.

Ọ̀rọ̀ yìí kúrò lórí àpáta, ó bá wa wọlé. Ọmọ tí ó bá ní òun ti mọ iṣẹ́ ilé ìwé òun, tí wọ́n bi í léèrè, tí ó ń kálòlò, wọn yóò ní kò tíì gbẹ dénú. Ọ̀dọ́kùnrin tí ó bá wá tọrọ ọmọ wa pẹ̀lú ẹ̀rín tí ó pọ̀ jù, ìyá àgbà yóò wo bàbá mi, yóò ní, "Ẹ jẹ́ kí oòrùn tún pa á díẹ̀." Àlejò lè jókòó síbẹ̀ kí ó má gbọ́ nǹkan kan nínú rẹ̀.

Ní èṣí, ọmọ àbúrò mi kan dá ọjọ́ ìmọ̀mí-n-mọ̀ ọ́ láìfi lọ ẹ̀gbọ́n wa àgbà. Nígbà tí ó rí i pé inú bàbá náà kò dùn, ó tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i: "Ẹ má bínú sà. Kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Ẹ̀mí yín yóò gùn sà." Ẹ̀gbọ́n mi kò fèsì. Ọmọ náà wá bá mi pé kí n bá òun kọ òmíràn. N kò bá a kọ ọ́. Mo jókòó tì í, mo sọ ọ̀rọ̀ àpáta àti láfún fún un, nítorí kò bá ìyá àgbà láyé. Ohun tí ó padà fi ránṣẹ́ nìyí: "Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ tí mo kọ́kọ́ bẹ̀, ara rẹ̀ nìkan ló funfun, kò tíì gbẹ dénú. Mo ti tún un sá. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi dá a wò." Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ̀gbọ́n mi pè é. Ìbéèrè tí ó kọ́kọ́ bi í ni pé, "Ta ló sọ ọ̀rọ̀ Ìyá Àgbà fún ọ?"

Ẹ̀bẹ̀ àkọ́kọ́ kì í ṣe irọ́. Àṣìṣe rẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni lè kọ ọ́ sí ẹnikẹ́ni. Aṣọ àyálò kì í yẹni. Rẹ́gírẹ́gí ni ohun ẹni ń bá ni mu. Èyí kejì kò lè ti inú ilé mìíràn wá, ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ó tó kà á tán.

Orúkọ ìlú wa pàápàá jẹ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìtàn sọ pé Ògúnlọlá, ọdẹ tí ó tẹ ìlú náà dó, ni ó gbé orí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ tí ó ń yọ Ọ̀yọ́ lẹ́nu, tí wọ́n fi ń pè é ní Ògbórí-Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́. Ẹnu gé e kúrú títí ó fi di Ògbómọ̀ṣọ́; ogun kan odindi wọ inú orúkọ kan ṣoṣo. Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, mọ agbára yìí. Nínú ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó tẹ̀ jáde ní 1852, kò fi ìtumọ̀ nìkan sábẹ́ àwọn ọ̀rọ̀. Ó fi òwe ti ọ̀pọ̀ nínú wọn lẹ́yìn, kí òǹkàwé lè rí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń rìn lẹ́nu àwọn tí ó ni ín. Ìyá rẹ̀ tí ogun yà á nípa, ó tún fojú kàn án ní Abẹ́òkúta ní 1846. N kì í ronú kan ìwé náà kí n má bi ara mi léèrè pé mélòó nínú òwe wọ̀nyẹn ni ó ti gbọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ìmọ̀ràn tí mo ní fún ẹni tí ó ń kọ̀wé kò pọ̀. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀ a di odidi. Ṣùgbọ́n nínú ilé, gbogbo wa ni àbọ̀ kejì ti wà nínú wa tẹ́lẹ̀. Ẹni òde kò ní in. Bí ẹ bá ń kọ̀wé sí i, ẹ bá a la ìtàn náà díẹ̀, gbólóhùn kan tàbí méjì, kí ó lè rí àpáta náà, kí ẹ sì jẹ́ kí ó gba ìyókù ro fúnra rẹ̀. Ẹ má sì kó òwe mẹ́rin jọ sórí ọ̀rọ̀ kan. Ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀. Bí mo bá kọ "ko tii gbe denu" sílẹ̀ lásán, ọmọ tí kò bá wa gbé lè kà á sí gbẹ́ bí ẹni ń gbẹ́ ère, tàbí gbé bí ẹni ń gbé ẹrù, ìyá àgbà àti láfún rẹ̀ yóò sì pòórá nínú rẹ̀.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ kọ ìdí tí wọ́n fi ń sọ ọ́ mọ́ ọn lára. Mo ní ìwé kékeré kan tí mo ń kọ tiwa sí. Ọ̀kan wà nínú rẹ̀ tí ó ń dùn mí. Nígbà tí àlejò bá ti rojọ́ títí tí ó ń múra àtilọ, tí ìyá mi sì fura pé kò tíì sọ ohun tí ó bá wá gan-an, yóò rọra ní, "Igbá kan ṣẹ́kù sódò." Àlejò náà yóò tún jókòó. Gbogbo wa nílé mọ ìgbà tí à ń sọ ọ́, a kò mọ ẹni tí ó gbàgbé igbá, a kò sì mọ odò wo ni. Àbúrò bàbá mi obìnrin ni àgbà kan ṣoṣo tí ó ṣẹ́kù tí ó lè mọ̀ ọ́n. Mo ti fi àyè ìlà mẹ́wàá sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ nínú ìwé náà, mo sì ń lọ bá wọn lọ́jọ́ Sátidé.