Ẹni tó lé eku méjì á pòfo? Ẹ bi Chioma Ajunwa

Lọ́jọ́ íńtáháòsì ilé-ìwé kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, mo rí ọmọbìnrin kan tó wọ jẹ́sì bọ́ọ̀lù, tó bọ́ bàtà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó ń fò sínú yanrìn. Ọkọ́ ni wọ́n fi tú yanrìn ọ̀hún, ẹ sì mọ bó ṣe máa ń le tí òjò bá ti pa á. Síbẹ̀, nígbà tí ọmọ yẹn balẹ̀, ẹni tó di téèpù mú ní láti tún ẹsẹ̀ gbé síwájú. Bàbá rẹ̀ kò pàtẹ́wọ́. Ó ní bọ́ọ̀lù ni kó gbájú mọ́, pé ẹni tó lé eku méjì á pòfo.

Òwe yẹn ti di òfin lọ́wọ́ wa. Olùkọ́ eré ń pa á, àǹtí ń pa á, àwọn tó ń ti Remo Stars lẹ́yìn ní Ìkẹ́nnẹ́ náà ń pa á. Ó lè wúlò lóko ọdẹ. Tó bá di ti pápá, irọ́ ni.

Ṣé ẹ rántí Ajunwa? Fífò jìnnà àwọn obìnrin ni, ní Òlíńpíìkì Atlanta, oṣù kẹjọ ọdún 1996. Ìgbà àkọ́kọ́ tó fò lọ́jọ́ àṣekágbá, mítà 7.12, kò sẹ́ni tó bá a mọ́. Kò tíì sí ọmọ Nàìjíríà kankan tó dá gba wúrà Òlíńpíìkì ṣáájú rẹ̀. Èyí tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé agbábọ́ọ̀lù ni. Ó wà nínú ikọ̀ Nàìjíríà tó lọ sí Ife Àgbáyé àkọ́kọ́ ti àwọn obìnrin, ní Ṣáínà lọ́dún 1991. Lọ́dún yẹn kan náà ló gba wúrà fífò jìnnà níbi Ìdíje Gbogbo Ilẹ̀ Áfíríkà ní Cairo. Ọlọ́pàá tún ni o. Eku kẹta nìyẹn.

Ẹnìkan á ní ṣebí ó pòórá fún ọdún mélòó kan. Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹjọ́ oògùn tí wọ́n kà léèwọ̀ fún eléré ìdárayá ni wọ́n tìtorí ẹ̀ lé e kúrò lórí pápá fún ọdún mẹ́rin, láti 1992. Kò kan bọ́ọ̀lù.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ẹni tó ṣe ipò kẹta lọ́jọ́ náà. Jackie Joyner-Kersee ará Amẹ́ríkà ni, òun náà sì gbá básíkẹ́ẹ̀tì ní yunifásítì UCLA. Nínú àwọn mẹ́ta tó gun orí àga ẹ̀yẹ, méjì ló ti lé eku méjì.

Seun Adigun náà ńkọ́? Ó sá eré àfòdènà 100 mítà fún Nàìjíríà ní London 2012. Nígbà tó di 2018, òun ló wa ọkọ̀ orí yìnyín wa (bobsleigh) ní Òlíńpíìkì ìgbà òtútù ní PyeongChang, àwọn ni ikọ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ nínú eré yẹn ní Òlíńpíìkì. N ò ní purọ́, àwọn ló gbẹ́yìn. Àmọ́ ẹ wá ẹni tó débẹ̀ láì mọ eré sá: títì ni wọ́n ń ti ọkọ̀ yẹn tagbára-tagbára kí wọ́n tó fò wọ inú rẹ̀.

Ẹni tó fẹ́ fò jìnnà gbọ́dọ̀ lè sáré burúkú, kó sì fẹsẹ̀ kan tẹ pátákó láì dẹ eré. Agbábọ́ọ̀lù tó ń sá lẹ́bàá ìlà, tó ń ṣe ìṣísẹ̀ rẹ̀ ní kúkúrú kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè bá bọ́ọ̀lù, ohun kan náà ló ń kọ́ ara rẹ̀. Orúnkún ọmọdé tó sì ń ṣe ohun kan ṣoṣo láti January dé December, ó máa ń tètè dùn ún. Lóòótọ́, tó bá dàgbà á yan ọ̀kan, torí àkókò kì í tó. Ajunwa náà yàn nígbà tó yá. Kì í ṣe ní ọmọ ọdún mẹ́tàlá.

Gbogbo èyí ni mo kó kalẹ̀ fún bàbá ọmọ yẹn. Gààrí ló ń tà ní Òkè-Àjẹ́, ó sì tún ń fi kánópì àti àga háyà fún àwọn olóde. Mo bi í pé nínú méjèèjì, èwo ni kó jáwọ́ ńbẹ̀ kó má baà pòfo.

Ó wò mí sùn-ùn. Ó ní, "Ìwọ, lọ mu gààrí ẹ."